Ẹ Fi Ọwọ́ Òsì Jẹun, Màámi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra. Èmi ọmọ yín obìnrin tí ó wà ní Dásà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú olókè dé ìlú olókè, nítorí Ṣakí tiwa náà kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń ka ìwé yìí sí yín létí. Kí wọ́n rọra kà á o, kí wọ́n má ṣe fo ibi tí ojú bá ti ń tì wọ́n. Mo kí ìyàwó wọn, Ìyá Àmínà, tí ó ń wẹ̀ yín, tí ó ń gbé yín dìde, tí kì í ráhùn sí mi létí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ó rí ẹni tọ́jú òun náà. Mo kí àwọn ọmọ, mo kí ará ọ̀ọ̀dẹ̀, mo kí gbogbo ẹni tí ó ń yà wá bèèrè pé báwo lara Màmá.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ọ̀rọ̀ mi ti ń bá yín. Mo bi Bọ̀ọ̀dá kí n tó ṣe é, wọ́n rò ó títí, wọ́n ní kò burú. Ilé tí irú ọ̀rọ̀ yìí wà pọ̀ ju tiwa lọ, pé wọn kì í sọ ọ́ síta ni. Fóònù náà kò sì gbà mí mọ́. Bí Bọ̀ọ̀dá bá gbé e sí yín létí, èémí yín nìkan ni mò ń gbọ́, mo sì mọ̀ pé Àjíkẹ́ ni ẹ ń gbìyànjú láti pè. Bí mo bá ti pa fóònù, mo máa ń jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ń kọ̀wé nìyí, kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín má baà pòrúurùu. Bọ̀ọ̀dá sọ fún mi pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún yín, ẹ kì í jẹun. Wọ́n ní bí Ìyá Àmínà bá bu òkèlè dé ẹnu yín, ẹ ó pa eyín dé, ẹ ó sì yíjú sí ògiri. Ẹ̀kọ mímu díẹ̀ láàárọ̀, omi díẹ̀ lálẹ́, ó tán. Wọ́n ní ìró yín kò dúró ní ìdí yín mọ́. Dókítà ní ọ̀fun yín kò ní nǹkan kan, ẹ lè gbé oúnjẹ mì. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Mi ò fẹ́ kí ebi pa yín kú nínú ilé tí oúnjẹ wà.

Ọyẹ́ ti dé bá wa níbí. Eruku bo àwọn òkè tí a kì í rí wọn títí oòrùn á fi gun òkè, ètè gbogbo wa sì ti bẹ́. Ní ọ̀sán, àpáta á gbóná bí agbada, ní òwúrọ̀ ẹ̀wẹ̀, aṣọ méjì kì í tó èèyàn. Ọkọ mi kí yín. Ó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ nínú ọjà Dásà níbi tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ọjà kò yá, àmọ́ a ń jẹ, a ń mu. Àwọn ará ibí kò ṣe mí níbi. Èdè wọn sún mọ́ tiwa, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, màá máa gbọ́ ọ, màá sì ṣàdédé sọnù láàárín rẹ̀. Àgùdà ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti sọ Mòríámọ̀ mi di Màríà, mo ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ Àjíkẹ́. Ọdún tí mo ti wà níbí kò kéré, kò tíì sí ẹnu kan tí ó fi oríkì jí mi.

Ẹ ti máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, yàtọ̀ sí kí n bá ọkọ mi jókòó ti ìsọ̀. N kì í dá yín lóhùn dáadáa torí mo rò pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ kékeré kan wà níbí, àwọn èèyàn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láti máa bẹ aláìlágbára wò nílé wọn: àgbàlagbà tí kò lè dìde, afọ́jú, adití, ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, opó tí kò lẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, aránṣọ ni wọ́n, ẹni tí ó ń yan gàrí ni wọ́n. Ìfẹ́ wà lọ́kàn wọn, àmọ́ ìfẹ́ kò kọ́ èèyàn bí a ṣe ń gbé ẹni tí ìdajì ara rẹ̀ ti kú kúrò lórí ẹní láìyẹ̀ ẹ́ léjìká. Ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ni nìyẹn. Ẹ̀kọ́ náà sì ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń kọ ọ́ ní Kùtọnu wá, ní Faransé, ó nípọn bí ògiri.

Iṣẹ́ mi ni láti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀ ní Ṣakí, ṣebí ẹ rántí, kò sì sí ilé ìwé tí ó lè gbà mí níbí nítorí Faransé inú ọjà ni Faransé tèmi. Nítorí náà, mo máa ń ka ti Kùtọnu, màá kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó rọrùn, Vẹroníkà á wá sọ ọ́ di èdè Ìdáàṣà tí wọ́n ń sọ níbí. Àgbẹ̀ ni Vẹroníkà, ó ń gbé Kpingni, òun ni olórí àwọn olùyọ̀ǹda, ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo sì ni níbí. A ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù, a ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀ lórí páálí. Bí a ṣe ń dojú kọ adití kí ó lè rí ètè wa. Bí a ṣe ń wọ ilé Fúlàní tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹni tí ó ní òun ti yó kò tíì jẹun. Alùpùpù á gbé wa lọ sí Kèrè, sí Akofodjoulè, eruku á bò wá, a ó kọ́ wọn, a ó padà, ní ọ̀sẹ̀ kejì àwọn kan á ti gbàgbé, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ̀ mí, Màámi. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kí ó lọ.

Nínú àwọn àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Kùtọnu, ọ̀kan wà tí ó dá ìjà sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni wọ́n yà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fi ọwọ́ òsì gbé oúnjẹ sẹ́nu, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́. Abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Kèrè ni a ti ṣí i. Obìnrin kan yíjú kúrò. Òmíràn bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kátikísìmù dìde dúró, ó ní ẹni tí ó ya nǹkan yìí kò ní àgbà nílé, ó ní ọwọ́ tí a fi ń ṣan ìdí ni a ó wá fi bọ inú àwo tí gbogbo ilé ń jẹ? Ẹnìkan rán wa létí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ó wá bi wá pé bí a kò bá lè fi júwe ilé baba, ṣé òun ni a ó fi jẹun níwájú baba. Èmi gan-an, ìgbákọ yín ni mo rántí. Gbogbo wa fẹnu kò pé kí a yọ àwòrán náà kúrò, a sì ní kí ọmọ ìlú kan tí ó mọ àwòrán yà ya òmíràn, níbi tí ìyàwó ọmọ ti ń bu òkèlè sí bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ó dára púpọ̀. Inú gbogbo wa dùn sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣe yẹ kí ọmọ dáadáa ṣe.

Lẹ́yìn náà ni a dé ilé Bàbá Dẹnísì ní Akofodjoulè. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ náà ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Àìsàn yín gan-an ni ó ṣe é, apá ọ̀tún kan náà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú àwòrán wa tuntun. Ó ń fọwọ́, ó ń gbé e jókòó gangan, ó ń bu òkèlè kékeré, ó ń kúnlẹ̀. Bàbá á sì pa eyín dé, á yíjú sí ògiri. Ó gbẹ tí egungun èjìká rẹ̀ fi yọ síta. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀fun kò ṣe nǹkan kan. Vẹroníkà bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ rẹ̀ sunkún níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè tí ó bọ́ ilé mẹ́ta, kò fẹ́ kí wọ́n máa bọ́ òun bí ọmọ ọwọ́ lójú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò lè lo ọwọ́ òsì, èèwọ̀ ni. Kò lè lo tọ̀tún, ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ebi ṣe ń pa á lójú wa, tí a sì ń yin ara wa pé a ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Pasikáálì, dé. Ojúgbà ni wọ́n, wọ́n ti jọ ṣe àáró láti ìgbà ọ̀dọ́, tí wọ́n ń bá ara wọn roko. Ẹsẹ̀ ń dun òun náà, ó sì ń bú ọlọ́kadà tí ó gbé e wá, ó ń bú eruku, ó ń bú ọyẹ́. Èmi àti Vẹroníkà wà níbẹ̀. Ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo iyán tí ó ti ń tutù, ó wo ògiri tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò, ó sì bi wá pé kí ló dé. Ọmọ ilé sọ fún un. Ó ní kí wọ́n gún iyán mìíràn, kí wọ́n kó o sínú àwo kan ṣoṣo, kí ọbẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì gbé omi àti ọṣẹ wá.

Màámi, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ó fọ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí ìfóófòó fi dé ìgbúnwọ́. Ó wá ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e, ó sì fi òsì bu iyán níwájú gbogbo wa. Iyán náà já bọ́ sílẹ̀. Ó bu òmíràn, ọbẹ̀ yí i nírùngbọ̀n, ó bú iyán, ó bú ilá, ó ní bí ọ̀rẹ́ òun kò bá tètè wá gba òun, òun nìkan ni yóò jẹ àwo yìí tán, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ bí Dẹnísì ṣe jẹ́ wọ̀bìà ní ìgbà àáró. Àwọn ará ilé ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àgbà kan lára wọn bèèrè pé irú kí ni èyí. Bàbá Pasikáálì kò wo ẹ̀yìn. Ó ní bí ó bá jẹ́ èèwọ̀, ó ti di ti ẹni méjì báyìí, kí wọ́n lé àwọn méjèèjì jáde nílùú pọ̀, òun á gbé ọ̀rẹ́ òun kọ́rùn.

Bàbá Dẹnísì ti yíjú kúrò lára ògiri. Ẹnu rẹ̀ ṣí ní apá kan, ẹ̀rín ni. Nígbà tí ó yá, ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ, ó sì bọ inú àwo. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi gèlè bo ojú, ó sá lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, a sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibẹ̀. Bàbá Dẹnísì kò tíì rìn títí di òní o, n kò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ó ń jẹun. Àwọn ojúgbà rẹ̀ yòókù gbọ́, wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣà ilé náà sì ti di pé ẹni tí ó bá fẹ́ bá Bàbá jẹun, òsì ni yóò fọ̀. Àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ di eré. Ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

A ti ní kí wọ́n ya àwòrán mìíràn. Bàbá méjì ni ó wà níbẹ̀, àwo kan, ọwọ́ òsì méjì nínú rẹ̀. Àwọn ará Kùtọnu kò tíì gbà á tán. Wọ́n ní ohun tí ẹ̀kọ́ náà fẹ́ ni pé kí aláìsàn lè dá nǹkan ṣe fún ara rẹ̀. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé níbí, ẹni tí ó bá ń dá jẹun ni a máa ń ṣàánú. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa kọ nǹkan ránṣẹ́ sí Kùtọnu, ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé sí ẹ̀yin ìyá mi ná. Mo ti mọ̀ báyìí pé aláìsàn kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ilé ni.

Mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ bí mi pẹ̀lú ọwọ́ òsì tí ó yára ju ọ̀tún lọ, tí ẹ fi aṣọ dè é mọ́ mi lára nígbà oúnjẹ, tí ẹ sì fi ìgbákọ lù ú títí ó fi gbọ́n. Ẹ kò ṣìṣe. Ẹ kò fẹ́ kí ìyá ọkọ kankan sọ lọ́jọ́ ọ̀la pé wọn kò kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní ọwọ́ méjì ni ẹ kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ti mú ọ̀kan lára tiyín rọ, òun náà ni ó sì ṣẹ́ èkejì kù. Mo bi Alùfáà tí ó ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa nínú ọjà, ó ní Ọlọ́run kì í di ẹrù tí ó ju agbára ọmọ ẹ̀dá lọ rù ú, ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ ṣe Bísímílà, kí ẹ jẹun.

Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, ẹ má dákẹ́ síbí o, ọ̀rọ̀ yín ni ó kàn. Ẹ ní kí Ìyá Àmínà sinmi òkèlè bíbù. Ẹ fi ìrọ̀rí ti Màmá lẹ́yìn dáadáa. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kí ó má baà máa yọ̀. Kí ẹ wá fọ ọwọ́ òsì yín, ẹ̀yin olórí ilé, kí ìyàwó yín fọ tirẹ̀, kí àwọn ọmọ fọ tiwọn, kí gbogbo yín yí àwo náà ká. Mo mọ̀ pé ojú á tì yín, pàápàá bí àlejò bá wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó tì yín. Ẹ ránṣẹ́ sí Ìyá Sàláwà, ọ̀rẹ́ Màmá tí wọ́n jọ ta irú ní gbogbo ayé wọn, kí ó wá jẹun lọ́dọ̀ yín. Ẹnu rẹ̀ mú, á bú Màmá dáadáa, ìyẹn ni Màmá nílò. Bí ọbẹ̀ bá dà sí aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré nù ún. Ẹ jẹ́ kí ó dà sí ti gbogbo yín.

Màámi, owó tí mo fi rán Bọ̀ọ̀dá kò tó nǹkan, ẹ fi ra ẹja. N kò lè wá nísinsìnyí, àwọn olùyọ̀ǹda tuntun ti dé, Vẹroníkà nìkan kò lè dá wọn kọ́, ọmọ mi sì wà ní ilé ìwé. Bí wọ́n bá ti gba ọlidé, a ó gba ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín. Gbogbo ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ bá mi kí àwọn ará àdúgbò, ẹ kí Ìyá Sàláwà, ẹ kí Alùfáà wa, ẹ kí àbúrò mi Jẹ́mílà bí ó bá dé láti Ìgbòho. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, á fún yín ní oúnjẹ, á sì fún yín ní ọ̀fun tí ó ń jẹ ẹ́. Ilé kò ní dàrú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní pa rọ́rọ́.

Bí mo bá dé, n ó kúnlẹ̀ níwájú yín kí ẹ súre fún mi. Ẹ má da ara yín láàmú láti gbé ọ̀tún, ẹ má sì ní kí Bọ̀ọ̀dá bá yín gbé e. Òsì ni kí ẹ gbé lé mi lórí. Àdúrà tí ẹ bá fi ọwọ́ náà ṣe fún mi, mo ti ṣe àmín rẹ̀ láti Dásà.

Èmi ni Mòríámọ̀ Àjíkẹ́,
ọmọ yín.